Àga Tó Kẹ̀yìn sí Dígí

Ìyá kan ló ṣàdédé dìde lórí àga mi ní ṣọ́ọ̀bù ìdirí wa ní Àgbówó, ìdajì orí wọn ní ṣùkú, ìdajì kejì rí wúruwùru.

"Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fi ń ranjú mọ́ mi nínú dígí?"

Èmi tí mi ò lè wo àgbà lójú! Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe àwọn nìkan ló ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń fi mí sílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹ̀rù sì ń bà mí pé iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwé mi ò jìnnà. Irun dídì nìkan ni mo mọ̀.

Ọ̀gá mi, Àǹtí Bùnmi, ló bá mi parí orí náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí àga mi kẹ̀yìn sí dígí.

"Ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ojú rẹ. Ṣùgbọ́n ojú yẹn ń kọ mí lóminú. Bó o bá sùn pàápàá, kì í pa dé tán."

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ring Road. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ mí wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, wọ́n bi wá pé, "Ṣé ẹ ní ọdẹ ládùúgbò yín?"

"A ní in," ni ọ̀gá mi wí. "Lọ́jọ́sí, wọ́n lu lándílọ́ọ̀dù wa, wọ́n ní olè ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ lára ọmọ yín nìyẹn."

Wọ́n ní ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, tó ń bá àrùn jà. Tèmi ṣi onílé mú fún olè. Ẹ̀yà kékeré kan tó wà ní iwájú ọrùn ni àwọn ọdẹ náà kọ́kọ́ dojú kọ, ìdí nìyẹn tí àyà mi fi ń já, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹran ẹ̀yìn ẹyinjú sì wọ irú aṣọ kan náà pẹ̀lú ẹ̀yà yẹn, ni wọ́n bá tún lọ bá a níbẹ̀. Ẹran náà wú, kò ríbi gbà, ló bá ń ti ojú mi síta.

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọdẹ náà nínú, òmíràn fún ti ọrùn, àti èyí tí mò ń kán sójú. Ojú mi rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì padà sípò tán.

Láìpẹ́ yìí, ìyá ọjọ́ yẹn padà wá. Ọ̀gá mi ti lọ ra irun ní Dùgbẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ ti ṣàlàyé fún mi. Yí àga yìí padà, mo fẹ́ máa rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Mo yí i. Ojú wa ṣe mẹ́rin nínú dígí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ṣì kù díẹ̀! Ó dáa, ranjú mọ́ irun yẹn dáadáa, kó má baà wọ́."

Nígbà tí ọ̀gá mi dé, wọ́n rí àga mi tó kọjú sí dígí. Wọ́n kàn mú òòyà tó já bọ́ sílẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n sì nà án sí mi.