Aṣọ Tí Màmá Sá Sórí Wáyà Rédíò

Ọjọ́ Sátidé tí mo rò pé ọ̀gá mi ti kú kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Ọ̀gá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní Ọ̀tan Ayégbajú, ló kọ́ mi ní Mọ́ọ̀sì, ìyẹn fífi ìró kúkúrú àti gígùn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ní aago mẹ́rin gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi a tẹ̀ ẹ́ láti Ìlá, wọn a sì dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ yìí, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò sí èsì. Mo pe fóònù wọn, kò wọlé. Ọ̀gá mi sì ní àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo sáré gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tan.

Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n fajú ro. Ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Màmá, ló sá aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tútù sórí wáyà rédíò tí wọ́n ta síta láti fi gba ìró, wáyà sì já.

Màmá ní, “Ṣé kì í ṣe okùn aṣọ ni? Ó kúkú le dáadáa!”

Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. A so wáyà náà pọ̀, mo padà sílé. Bí mo ṣe tan rédíò, mo gbọ́ ìró ọwọ́ wọn tó máa ń rọra tẹ Mọ́ọ̀sì: “Mo wà láàyè. Lọ jẹun.”

Ìgbà náà ni mo rántí pé n kò tíì jẹun látàárọ̀.