Igi tí Zakari tú kí ó tó tutù

Zakari Garba, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tó ń ṣe ọrun ní Gàmbàrí, lọ sí ilé Bashir ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ṣàngó ní Àlàmísì tó kọjá. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti débẹ̀ gbẹ̀yìn.

Igi ọrun kì í sábà ti inú igbó wá ní títọ́. Zakari a fi òrí pa á, a yí i lórí ẹyin iná títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, a wá fi ọwọ́ lọ́ ọ padà, a dè é mọ́ pákó. Kò gbọdọ̀ tú u títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Igi tí a bá tú nígbà tó ṣì gbóná yóò padà lọ́ bó ṣe lọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí ayẹyẹ àwọn ọdẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, Bashir, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọfà títa, ní kí Zakari ṣe ọrun kan fún òun. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn Zakari. Ó tú igi náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dè é. Nígbà tó rí i pé ó tún ń lọ́, kò dá a padà sórí iná. Ó fi ọ̀bẹ fá ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú má baà rí i.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ọrun náà yí mọ́ Bashir lọ́wọ́, ó kán, ó sì ba àtàǹpàkò rẹ̀ jẹ́. Alàájì Hámzàt, olórí àwọn ọdẹ, bi Zakari léèrè níwájú gbogbo èèyàn.

"Ọsán ni kò dè dáadáa," ni Zakari wí.

Ọsán ni okùn ọrun, ẹni tó fẹ́ ta ọfà ló sì ń dè é. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Bashir ní Ọsán-já. Wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Alàájì Hámzàt kú. Níbi ìsìnkú, Zakari rí Bashir lẹ́yìn pátápátá, ó dá dúró. Òkú tí wọ́n ń sin kò lè gbọ́ àtúnsọ mọ́.

Màsúdát, ìyàwó Bashir, ló ṣílẹ̀kùn fún Zakari lọ́jọ́ Àlàmísì náà.

"Bàbá Raudah! Ṣé ẹ ṣìnà ni, àbí ẹnìkan tún ti kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọkọ yín ńkọ́?"

Bashir wà lórí ẹní, ó ń gbọ́ rédíò. Zakari jókòó tì í, ó sọ ohun gbogbo, látorí iná títí dórí ọ̀bẹ.

Bashir pa rédíò. "Mo mọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo ti wo igi tó kán náà. Ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́lẹ́ bí ewé."

"O ò sì sọ?"

"Kí n sọ ọ́, kí wọ́n ní mo ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù? Ìwọ ni mo ń retí."

"Wàláhì, forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo parọ́ fún."

Màsúdát ké láti inú ilé: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ná kí wọ́n tó lọ!"

"Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án rìn láti Gàmbàrí dé Ṣàngó," ni Bashir wí, "ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú."

Zakari rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára àtàǹpàkò tí kò ká mọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ dá àwọn ọ̀dọ́ padà fún Bashir, ọwọ́ yẹn kò lè di ọrun mú mọ́.

Ìpàdé àwọn ọdẹ yóò wáyé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀. Zakari ti bẹ akọ̀wé wọn, akọ̀wé náà sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: Zakari ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àdúà.