Ẹ̀wọ̀n Tí Kò Tíì Kú

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni.

Ìyá Ẹlẹ́wọ̀n ni gbogbo ọgbà pákó ń pè é. Kò ṣẹ̀wọ̀n rí, ọmọ rẹ̀ kò sì ṣẹ̀wọ̀n rí. Ẹ̀wọ̀n tó ń yí lára ẹ̀rọ agégi, èyí tó léyín tó ń jẹ igi, òun ló ń pọ́n. Nígbà tó kó dé ilé tó ń gbé báyìí, obìnrin tó wà ní yàrá kejì gbọ́ orúkọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé ìdáná. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lọmọ yín jí tí wọ́n fi mú un?"

"Òpó iná ni," ni ìyá dá a lóhùn. "Ó gé e, ó gbé e lọ, gbogbo àdúgbò bọ́ sínú òkùnkùn." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ti bá iṣẹ́ náà pàdé. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ọkùnrin náà á gégi láti àárọ̀, á gbé ẹ̀rọ wálé nírọ̀lẹ́, oorun á sì gbé e lọ lórí àga kó tó pọ́n ẹ̀wọ̀n. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ̀wọ̀n tó kú, tí eyín rẹ̀ kò mú mọ́, ló máa gbé padà síbi iṣẹ́. Ó sú ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, ó gba fáìlì lọ́wọ́ ọkọ tó ń hanrun, irin roboto tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo eyín. Ọ̀kan kọjú sí òsì, èkejì kọjú sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ. Ó ti fáìlì síwájú. Nígbà tó fà á sẹ́yìn, ó han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Kò fà á sẹ́yìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Etí rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ẹ̀ka igi kan wá já lu ẹsẹ̀ ọkọ. Kò kú, ṣùgbọ́n kò lè dúró pẹ́ mọ́. Wọ́n bi í pé ta ló máa wá gégi. Ìyàwó gbé ẹ̀rọ. Wọ́n ní obìnrin kì í gbé e. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Ó fa okùn rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọkọ ti lọ báyìí. Orí ibùsùn ló kú sí, kì í ṣe abẹ́ igi. Ẹ̀rọ ṣì wà.

Ọ̀gá ọgbà pákó náà, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ò tíì lè nu ikun imú ara rẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá ló wẹ̀ ẹ́, ìyá ló rán ṣòkòtò rẹ̀, síbẹ̀ "ọkọ mi" ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Ó ti níkùn báyìí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé tó bá ń ṣàánú èèyàn, ńṣe ló dà bí ìgbà tó ń ti onítọ̀hún kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun tó fa wàhálà ni ọwọ́ ọ̀tún ìyá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tó bá gbé nǹkan tó wúwo, kì í gbọ̀n. Nǹkan fúyẹ́ ló máa ń bá a jà: ṣíbí, ife, abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ tí tíì dà sí i lára, ọmọbìnrin rẹ̀ rí i. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń bá a gé ẹran kó tó gbé oúnjẹ fún un, wẹ́wẹ́, bí ẹni ń gé e fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ìgbà àkọ́kọ́, ìyá wo àwo náà, ó jẹ ẹ́. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn, pé òun jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó wà nínú àtíbàbà onípáànù tó ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, irin kan tó ń fún ẹ̀wọ̀n mọ́ra kó má yẹ̀, agolo ọ́ìlì dúdú, àti ìṣó gbọọrọ kan tó fi ẹ̀wọ̀n ògbólógbòó kọ́. Àbúrò ọkọ wọlé. Ó há páálí kan sí abíyá.

"Ẹ káàárọ̀, ìyàwó wa."

"Káàárọ̀, ọkọ mi. Ikùn rẹ ti dé láti àná, ìwọ nìkan la ń retí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí páálí, ó fa ẹ̀wọ̀n tuntun kan yọ. Ó ń dán yinrin.

"Ẹ wo èyí. A ti rà á rẹpẹtẹ. Èyí tó bá ti kú, ká jù ú nù, ká gbé òmíràn wọ̀. Kò sí pé à ń pọ́n mọ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ ti ṣe é títí, ìyá. Ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ẹ lọ sinmi. Ọmọ yín ti tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Fèrèsé wà níbẹ̀, ẹ ó máa wo ìta."

"Ta ni wọ́n máa ń tì mọ́ yàrá tó máa ń yọjú lójú fèrèsé?" ni ìyá wí. "Ṣebí ẹlẹ́wọ̀n ni. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ẹ̀wọ̀n, mi ò ṣẹ̀wọ̀n. Ìgbà tí mo bá fi í sílẹ̀ lẹ wá fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Ó ń gbọ̀n. Ọwọ́ mi ni. Àbí mo yá a lọ́wọ́ ẹ?"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ̀wọ̀n yín ti kú. Gbogbo ọgbà ló mọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọn ò tíì túfọ̀ fún."

Ìyá gbé fáìlì kalẹ̀. Nínú iṣẹ́ wọn, kò sí èébú tó ju ìyẹn lọ.

"Gbé èyí tó ń dán yẹn wọ ẹ̀rọ tìẹ. Màá gbé tèmi wọ tèmi. Igi kan náà, ìwọ lórí, èmi nídìí. Bí tèmi bá kú, màá kó fáìlì mi fún ẹ, màá sì lọ jókòó ti fèrèsé yín."

Ẹ̀rọ méjèèjì jọra bí ìbejì. Ọjọ́ kan náà ni ẹ̀gbọ́n òun àbúrò rà wọ́n. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní ẹ̀rọ ló ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń dán wò.

Wọ́n yí ìtì igi kan sórí ìdábùú. Àwọn agbégi pé jọ. Aṣáájú wọn ni wọ́n ń pè ní Gìrìpá, torí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Òun ló pariwo pé kí wọ́n máa lọ.

Ẹ̀wọ̀n tuntun wọnú igi bí ẹni wọ ilé baba rẹ̀. Èérún ńláńlá ń fò jáde lábẹ́ rẹ̀. Ti ìyá náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó dé àárín igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ọ̀tún. Ìyá tì í padà, kò gbà. Ẹ̀rọ há sínú igi. Èéfín yọ. Lápá orí igi, ègé ti ọ̀gá já bọ́ gbì. Ti ìyá ṣì há síbẹ̀.

"Ẹ̀wọ̀n ti mú ìyá o!" ni Gìrìpá kígbe. "Ẹ tètè gba béèlì wọn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Àbúrò ọkọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ̀rọ, ó wá na ọwọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn.

"Ẹ kó fáìlì wá, ìyá."

Jẹ́jẹ́ yẹn ló ta á lára ju ẹ̀rín lọ.

"Kí la jọ sọ? A ní bó bá kú. Kò kú. Ó yà ni. Òkú kì í yà, ojú kan ló máa ń wà. Fún mi di ìrọ̀lẹ́."

"Ìyàwó, a ti jọ ṣàdéhùn..."

"Ẹni tí mo fun ikun nímú rẹ̀ ló ń bá mi dá ọjọ́! Ìrọ̀lẹ́ ni mo wí."

Gìrìpá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó ní kò burú, ìrọ̀lẹ́ ni.

Ìyá padà sínú àtíbàbà. Ó ṣẹ́ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan, ó fi wọn gígùn eyín. Àwọn eyín ọ̀tún dọ́gba. Àwọn ti òsì kúrú. Ó wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n kúrú. Ẹ̀gbẹ́ tí eyín bá ti gùn ni ẹ̀wọ̀n máa ń fà sí, ìdí nìyẹn tó fi yà.

Kì í ṣe igi. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Tó bá ń pọ́n eyín ọ̀tún, ìgúnpá rẹ̀ máa ń sinmi lórí tábìlì. Tó bá kan ti òsì, á yí padà, ìgúnpá á wà lófuurufú, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń gbọ̀n, tí fáìlì á sì jẹ eyín kọjá ibi tó yẹ. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Igi ló kàn ń bú.

Ó jókòó. Ó ronú kan yàrá ẹ̀yìn. Ó ronú kan fèrèsé. Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀.

Ó fi fáìlì sí ọwọ́ òsì. Ó gbé ìgúnpá òsì lé tábìlì. Ó ti fáìlì síwájú. Ó yọ̀, ó ha á níka. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó nù ún sára ìró. Ó mú ẹ̀wọ̀n ògbólógbòó kan lórí ìṣó, ó ń fi ìyẹn kọ́ṣẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà gbọ́ràn. Ọwọ́ òsì tí wọ́n ní ká má fi júwe ilé baba ẹni, òun ló wá mọ ilé eyín. Ìgbà yẹn ló tó gbé ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ sórí irin, ó fi ọwọ́ òsì pọ́n eyín òsì, ó sì gé eyín ọ̀tún rẹlẹ̀ títí wọ́n fi bá ti òsì dọ́gba. Iké kékeré kan máa ń wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bí eyín á ṣe jìn sínú igi tó. Ó rẹ ìyẹn náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá rẹ̀ ẹ́ jù, ẹ̀rọ á máa ta bí ẹṣin.

Lọ́sàn-án, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Ẹran wà lórí rẹ̀, wẹ́wẹ́.

"Ta ló ti kọ́kọ́ jẹ èyí?" ni ìyá bi í.

"Mọ̀mí, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Èmi ni mo gé e."

"Gbé e padà."

"Mọ̀mí, ẹ ti le jù."

"Ẹ̀wọ̀n tí kò bá le, igi ni yóò jẹ ẹ́. Ọmọ mi, lálẹ́, odindi ni kó o gbé wá. Fi ọ̀bẹ sí i."

Ọmọ wo ìka tó fara gbọgbẹ́. Ó gbé àwo lọ.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọ̀gá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Láti àárọ̀ ló ti ń fi ẹ̀wọ̀n náà gé igi tí wọ́n wọ́ la inú yanrìn kọjá. Ìyá ní kó fi gé díẹ̀ wò. Ìyẹ̀fun ló ń dà jáde lábẹ́ rẹ̀, kúnná bí àtíkè.

"Tìẹ ti kú," ni ìyá wí. "Gbé tuntun wọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lò ó bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó fẹ́ fi í ta á lọ́rẹ.

"Mi ò bá òkú jà. Gbé tuntun wọ̀."

Ó ṣí páálí mìíràn, ó gbé tuntun wọ̀. Gìrìpá pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ìyá gbá ẹ̀rọ mọ́ itan. Ó wúwo, nítorí náà ọwọ́ kò gbọ̀n. Èérún ń fò lu bàtà rẹ̀, gbọọrọ gbọọrọ. Ó dé àárín, níbi tó ti há láàárọ̀. Kò fà sí ọ̀tún. Kò fà sí òsì. Ó ń lọ tààrà. Ègé ọ̀gá já bọ́. Kó tó yí dé ilẹ̀, ti ìyá já tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá ló ṣáájú!" ni Gìrìpá kígbe. Àmọ́ kò dárúkọ béèlì mọ́.

"Ó ṣáájú," ni ìyá wí. "Tuntun ni. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò bá ṣáájú?"

Àbúrò ọkọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú igi tí ìyá gé. Ó tẹ́jú. Ó pa tirẹ̀ náà. Ó tún padà sí ti ìyá. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kò kú," ló sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí lo wí? Etí mi ń dún."

"Mo ní kò kú, ìyá."

"Sọ ọ́ kí Gìrìpá gbọ́. Òun ló fẹ́ gba béèlì mi."

"Kò kú o!" ni ọ̀gá pariwo. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Gìrìpá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú èérún igi, ó ní kí ìyá forí ji òun, gígùn lásán ni òun gùn, òun ò lọ́gbọ́n.

Ọ̀gá lọ mú ẹ̀wọ̀n àárọ̀ níbi tó jù ú sí. Ó gbọn yanrìn ara rẹ̀ dà nù.

"Ṣé ẹ lè bá mi pọ́n èyí dọ̀la?"

"Ṣebí ẹ ti ra rẹpẹtẹ."

"Ẹ má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Ẹ jọ̀ọ́."

"Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá. Ìyá na ọwọ́ òsì, ó gbà á.

"Ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á. Kì í ṣe àrífín. Òun ló ń ṣiṣẹ́."

Ó gbé e kọ́ ìṣó, ó ti àtíbàbà rẹ̀, ó kó fáìlì sápò, ó lọ sílé.

Ìrẹsì ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Odindi ẹran ló wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi mú ọ̀bẹ.