Ìbéèrè Kan Lórí Omi Yàrá Ìgbẹ̀bí

Aránṣọ ni obìnrin yìí kí àwọn ará àdúgbò tó dìbò fún un. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ohun tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ rán an lọ sílé ìgbìmọ̀ nìyẹn. Ta ló máa gbà pé ẹnu yẹn kan náà ló kọ́kọ́ dójú tì í?

Nílé ìgbìmọ̀ wọn, aṣojú kọ̀ọ̀kan lè bi mínísítà ní ìbéèrè kan, kó sì fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Nígbà àkọ́kọ́ tó dìde, gbogbo ohun tó ń dùn ún ló dà sílẹ̀ pọ̀: kò sómi ní yàrá ìgbẹ̀bí ilé ìwòsàn àdúgbò òun, nọ́ọ̀sì ò tó, òrùlé ń jò, ọ̀dà ara ògiri ti bó. Mínísítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní wọ́n ti tún ògiri kùn. Ló bá jókòó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un! Ẹ gbà mí o, irú ìyànjẹ wo nìyẹn?

Àbúrò rẹ̀ tó lóyún, tí oṣù rẹ̀ ti pé, ò tiẹ̀ kí i dáadáa nígbà tó délé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀dà ni wọ́n máa fi wẹ ọmọ mi?"

Ojú ti ẹ̀gbọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mínísítà láti sá. Ẹni tó bá bi mínísítà ní nǹkan mẹ́rin, èyí tó rọrùn jù ló máa dáhùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìbéèrè tún pé, ó dìde nàró.

"Mínísítà, ọjọ́ wo ni omi máa yọ ní yàrá ìgbẹ̀bí wa?"

Ó jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu, wọ́n rò pé ó ṣì kù. Kò kù.

Mínísítà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó sọ ti ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀, ó sọ ti páìpù tí wọ́n ń kó bọ̀. Ọkùnrin yẹn mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kò kàn fẹ́ dáhùn ni! Nígbà tó ṣe tán, aránṣọ tún dìde.

"Mo gbọ́ ti ìgbìmọ̀, mo gbọ́ ti páìpù. Mi ò tíì gbọ́ ọjọ́."

Olórí ilé ní, "Mínísítà, ẹ dá wọn lóhùn, ẹ jọ̀ọ́." Mínísítà wo akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé ń wo bàtà.

"Mi ò mọ̀," ló sọ níkẹyìn. "Àmọ́ mo máa wá wò ó fúnra mi lọ́la."

Ó sì wá, ká má parọ́ mọ́ ọn. Ó ṣí ẹ̀rọ omi yàrá ìgbẹ̀bí títí, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ jáde. Ibẹ̀ ló dúró sí tí wọ́n fi gbé àbúrò aránṣọ wọlé, ìrọbí ti mú un. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ béèrè ẹni tí ọkùnrin tó wọ kóòtù yìí jẹ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ bá wa pọnmi wá ní òpópónà kejì, ẹ jọ̀ọ́, kíákíá!"

Ó pọn ọ́n dé. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní kò tó. Ó tún lọ, ó ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ lórí fóònù bó ṣe ń lọ.

Ọmọ ké. Obìnrin ni, ó dá ṣáṣá. Kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ tán, àwọn oníṣẹ́ omi ti ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, mínísítà sì dúró tì wọ́n, kò tíì rómi fọwọ́ ara rẹ̀.