Wọ́n Ti Ṣe Fídáù Mi Kí N Tó Délé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ejìnrìn, tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń fẹ̀gbẹ́ gbá ara wọn ní èbúté lọ́jọ́ ọjà, àwọn àgbà máa ń sọ fún wa pé òkú pàápàá ń ná ọjà náà. Wọ́n ní bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó forí sáàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wo ẹ̀yìn, yóò rí wọn, ẹsẹ̀ wọn kì í kan ilẹ̀. Èmi àti àbúrò mi obìnrin dán an wò lọ́jọ́ kan. Ẹsẹ̀ ìyá wa la rí. Ó kan ilẹ̀ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ náà sì kan ìdí wa dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá.

Mo pẹ́ ní Sikọ́tílándì. Ẹja ni mo ń là nílé iṣẹ́ kan létí òkun, òtútù ibẹ̀ kò mọ àgbà. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú ń tì mí láti pe ilé. Oṣù di ọdún, ọdún di mẹ́jọ. Àbúrò mi yìí nìkan ló kù fún mi láyé. Bí kò bá gbà mí, kò síbi tí mo lè pè ní ilé mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo padà wálé. Mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ Benson, mo tún wọkọ̀ lọ sí Ejìnrìn. Àbúrò mi jókòó síwájú ilé wa, ó ń ṣa ẹja gbígbẹ. Mo ní, "Àbúrò mi."

Ó gbójú sókè. Àtẹ ẹja fò lọ. "Yéè! Akúdàáyà o! Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo agbo ilé sá. Bí mo ṣe gbọ́ "akúdàáyà," èmi náà sá, mo ń bojú wẹ̀yìn bóyá ó ń bọ̀. Ilé ìdáná ni mo sá sí. Ibẹ̀ náà ni àbúrò mi sá sí.

"Ẹ dúró síbẹ̀, Bọ̀dá! A ti ṣe fídáù yín, a pa àgbò, àwọn àfáà jẹ, wọ́n yó. Kí lẹ tún ń wá?"

Àṣé ẹnìkan ní àdúgbò Itamaga ló fi fóònù ránṣẹ́ sí wọn pé Yorùbá kan kú ní Sikọ́tílándì. Wọ́n pe nọ́ńbà mi, kò lọ. Wọ́n sunkún, wọ́n sì kó aṣọ mi tọrẹ.

"Mo wà láàyè," ni mo wí, ṣùgbọ́n ohùn mi ń gbọ̀n débi pé èmi gan-an kò gbà á gbọ́.

Ni àbúrò mi, tó ti di ìyá ọlọ́mọ-ọmọ, bá kẹ́yìn sí mi, ó di ìró rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó forí sáàárín ẹsẹ̀, ó ń wo bàtà mi. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, kí n má lọ ṣèèṣì léfòó.

Ó ní, "Ó kan ilẹ̀."

Àmọ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, kò lè nàró mọ́. Èmi ni mo gbé e dìde. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń gbá mi lẹ́yìn. "Ọdún mẹ́jọ, Bọ̀dá! Ẹ ò pè wá!"

Láyé ìgbà èwe wa, ẹnìkan ló ń gbé ìròyìn ikú wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á fún un lómi, wọ́n á bi í ní ohun tó fojú rí. Lónìí, inú fóònù ló ń gbà wọlé, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan. Mi ò sì lè bú fóònù, torí èmi náà ní i, mi ò fi pe ẹnikẹ́ni. Nílé, wọ́n sunkún mi nígbà tí mi ò tíì kú. Ní Sikọ́tílándì ọ̀hún, ká ní mo kú lóòótọ́, ta ni ì bá mọ̀?