Mo Fẹ́ Kúnlẹ̀ Láàárín Odò

"Má jẹ́ kí Tómi fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi o. Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ rárá." Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin mi lórí fóònù nìyẹn, nígbà tó ní ilé ìwé tí wọ́n gbé òun lọ láti máa ṣe tíṣà wà ní òdìkejì ọ̀sà, àti pé ọkọ̀ ni òun àti Tómi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, yóò máa wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà tukọ̀ nígbà tí ẹ wà ní kékeré?"  Láti ọjọ́ náà ni òórùn ọkọ̀ Bàbá Sùlè ti ń padà wá sí imú mi: igi tó ti rin, ẹrẹ̀, àti ọsàn tó ti fọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Fìdítì ni wọ́n bí mi sí, a kì í sì í ṣe ará omi. Ọsàn, ọ̀pẹ̀yìnbó, iṣu àti ẹ̀gẹ́ la mọ̀. Ṣùgbọ́n oko bàbá mi wà ní òdìkejì odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí òkúta la máa ń gbà kọjá. Bí òjò bá ti dé, òkúta á rì, a ó sì máa bẹ Bàbá Sùlè. Aládùúgbò wa ní oko ni, òun nìkan ló sì ní ọkọ̀ níbẹ̀: igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí kò fẹ̀ ju ìdí àgbàlagbà kan lọ.

Ọdún tí gbogbo mọ́tò ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ni mò ń sọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní àkókò òjò, ẹsẹ̀ bàbá mi wú, kò lè rìn dé oko, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ọsàn wà níbẹ̀ tó fẹ́ bàjẹ́. Bàbá Sùlè náà ń múra àtilọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrà. Ó ní òun yóò fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wa bí ẹnì kan nílé wa bá lè kọ́ ọ. Ní ti Màámi, ojú ló máa ń dì bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté. Èmi ni mo ní màá kọ́ ọ.

"Kí n fi ọwọ́ ara mi fa ọmọ mi fún odò?" Màámi wí.

"Kí lo wá fẹ́ ká jẹ, Ìyá Àbẹ̀kẹ́?" bàbá mi dá a lóhùn. Màámi gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn.

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá Sùlè kọ́ mi kì í ṣe títù. Ìjókòó ni. Mo ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ wọnú ọkọ̀, nítorí mo rò pé bí mo bá sọ̀ ọ́, ta ni yóò gbé e rù mí ní òdìkejì? "Sọ̀ ọ́, sọ̀ ọ́!" ó pariwo. "Àbí ẹja lo fẹ́ kiri ẹ̀gẹ́ fún?"

Nígbà tó wá gbé àjẹ̀ lé mi lọ́wọ́, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń tu ọkọ̀, ọkọ̀ ń pòyì bí òkòtó. Mo tu apá ọ̀tún, imú ọkọ̀ yà sí òsì. Ó dàrú mọ́ mi lójú, nítorí tíṣà wa ti fi ọ̀tún àti òsì dá wa lágara nítorí òfin títì tuntun náà. Bàbá Sùlè rẹ́rìn-ín. "Ìjọba kò tíì yí ti odò o. Òsì lo fẹ́ lọ, ọ̀tún ni kí o tù. Má sì wo omi. Ibi tí ò ń lọ ni kí o máa wò." Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ó ku òfin kan. "Bí ọba bá dúró létí odò," ó wí, "o kò gbọdọ̀ dìde, o kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Ẹnu ni kí o fi kí i." Mo ní mo ti gbọ́. Etí mi gbọ́, orúnkún mi kò gbọ́. Nílé wa, Màámi kì í gbà kí ọmọbìnrin kí àgbà lóòró. Bí mo tilẹ̀ ru omi, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú omi náà lórí. "Orúnkún rẹ kì í ṣe wúrà," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Bàbá Sùlè tù wá dé oko, ó sì gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá nìkan tukọ̀, a ti sùn sí abà mọ́jú, ìkùukùu sì wà lórí omi. Ọkọ̀ kò lè gba ẹni mẹ́ta àti ẹrù. Mo kọ́kọ́ tu Màámi kọjá sí apá ilé, ó di ojú, ó ń gbàdúrà. Mo padà lọ gbé Délé, àbúrò mi kékeré, àti apẹ̀rẹ̀ ọsàn.

A dé àárín odò nígbà tí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, yọ sí ẹ̀gbẹ́ Màámi létí omi. Ó wá wò wá.

"Àbẹ̀kẹ́! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

N kò rò ó. Mo fi àjẹ̀ há abíyá, mo gbé ìdí kúrò lórí pákó tí mo jókòó lé, kí n lè kúnlẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ fì. Apẹ̀rẹ̀ dojú dé, ọsàn yí gbirigbiri lọ sí apá kan, omi sì ń ya wọlé. Délé di etí ọkọ̀ mú, ó ń ké, "Àǹtí mi! Àǹtí mi!"

"Jókòó!" Ohùn Màámi ni. "Àbẹ̀kẹ́, jókòó! Má kí ẹnikẹ́ni!"

N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo jókòó gbì. Ọkọ̀ mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó dúró. N kò wo omi. Gèlè Màámi ni mò ń wò, mo sì ń tù díẹ̀díẹ̀, títí imú ọkọ̀ fi kan ilẹ̀.

Màámi kò tíì fọwọ́ kàn wá tó fi yíjú sí Bàbá Àgbà, tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Mo bá a kí yín."

"Dìde, ìyàwó." Bàbá Àgbà wá kọjú sí mi. "Ọlọ́kọ̀, o kú ewu o. Ṣé kí èmi náà jókòó ni?" Délé tó ń sunkún ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, èmi náà ni mo tu Màámi lọ sí oko. Ó la ojú.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ọmọ tó ń tukọ̀ nígbà náà, ẹ̀rù kò bà á tó. Èmi tí mo wà níbí, ẹ̀rù ń bà mí jù. Màámi tí kò mọ nǹkan kan nípa omi, ó sọ òfin tó fẹ́ràn jù lọ nù lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè yè. Èmi tí mo mọ ọkọ̀ tù, ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ ni pé kí wọ́n má wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀nà mìíràn dé ilé ìwé náà. Èmi yìí kan náà ni mo sì kọ́ Tómi ní ìkúnlẹ̀.

Mo tún pe ọmọbìnrin mi lórí fóònù. Mo ní kó wá aṣọ tí ń jẹ́ kí ènìyàn léfòó fún Tómi, kó sì gbé fóònù fún un kí n lè bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ìjókòó fún un. Ó bi mí pé, "Màmá Àgbà, tó bá jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa ló wà létí omi ńkọ́?"

"Jókòó. Fi ẹnu kí wọn."

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn lónìí pé wọn kò gbọdọ̀ dìde tàbí kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá sì dúró létí omi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pe ọmọdé títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi gúnlẹ̀.