Àwo Tánńganran àti Aṣọ Dúdú Àwọn Gíríìkì

Àwo kẹta ló mú mi. Inú ọgbà sinimá kan tí kò ní òrùlé ní Agége ni, ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ní àsìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá sí Ìkẹjà. Lójú aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú wa, ìyàwó tuntun ń jó, bàbá rẹ̀ gbé àwo tánńganran kan, ó là á mọ́lẹ̀. Èrò pariwo. Ó fọ́ èkejì. Nígbà tó fọ́ ẹ̀kẹta, tó sì ń rẹ́rìn-ín, mo rí i pé inú kò bí i rárá. Alápatà kan láti Oko Ọba tó jókòó sẹ́yìn mi ní, "Tó bá jẹ́ àwo ìyá mi ni, ìgbéyàwó yẹn ti túká." Èmi ti ń ka iye àwo ní tèmi. Mọ́kànlá ni wọ́n fọ́ kí sinimá tó tán.

Télọ̀ ni mí. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ àwo mọ́kànlá náà sí. Akọ̀wé rélùwéè kan tí mo máa ń rán ṣòkòtò fún ló ṣàlàyé fún mi pé Gíríìkì ni ìdílé inú sinimá yẹn. Láti ọjọ́ náà, sinimá èyíkéyìí tó bá ní Gíríìkì nínú kò fò mí. Mẹ́rin ni mo rí láàárín ọdún méjì. Nínú gbogbo wọn, bàbá á kọ́kọ́ kígbe kó tó sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìyá á máa fi tipátipá bọ́ àlejò. Ìbátan á kún ilé débi pé àwọn kan á jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyá àgbà á sì wọ aṣọ dúdú láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń ròyìn fún màmá mi àti àbúrò mi obìnrin nídìí oúnjẹ, n kì í sì í fo àwo kankan.

Ìròyìn yẹn ló wá di wàhálà. Àbúrò mi rí iṣẹ́ ní Ìkẹjà, lọ́dọ̀ ẹnjiníà kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ wọn. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀. Inú màmá dùn títí wọ́n fi gbọ́ pé Gíríìkì ni wọ́n. Wọ́n gbé òkèlè ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Ilé tí bàbá ilé ti ń fọ́ àwo, tí wọ́n sì ń ṣọ̀fọ̀ nínú gbogbo sinimá," ni wọ́n wí, "ọmọ tèmi kò ní débẹ̀."

Opó ni màmá. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe opó bàbá wa, wọ́n sì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Lójú tiwọn, ilé tí dúdú kì í kúrò níbẹ̀, ikú ló ń gbé inú rẹ̀.

Àbúrò mi kò bá wọn jiyàn. Èmi ló kọjú sí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín lẹ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnu yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi gbà á padà."

Ó jàre. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n tún gbé ọ̀kan nínú àwọn sinimá náà wá sí Agége. Mo lọ wò ó, n kò sì wo àwo mọ́, aṣọ ni mo ń wò. Aṣọ dúdú ìyá àgbà ní bọ́tìnnì méje láyà, ìkẹrin tóbi ju àwọn yòókù lọ. Mo délé, mo ṣí ìwé mi. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ nípa sinimá mìíràn pé bọ́tìnnì kẹrin ìyá àgbà kò bá àwọn tó kù dọ́gba, méje sì ni wọ́n. Ìyá àgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, aṣọ kan ṣoṣo! Ṣe ni wọ́n ń bọ́ ọ lára òṣèré kan wọ òmíràn lọ́rùn, tí wọ́n ń pe ìyẹn ní ìyá Gíríìkì.

Mo sọ fún màmá. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, wọ́n ní àwọn tó ń ya sinimá náà tòṣì nìyẹn, ṣùgbọ́n òṣì wọn kò sọ ohun tó wà nílé Ìkẹjà fún àwọn. Mo ní ká jọ lọ wò ó. Ìyẹn ni wọ́n gbà.

Ní Sátidé, àwa mẹ́ta wọ bọ́lẹ̀kájà. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wa ni ìyá àgbà kan, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀. Àbúrò mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rán aṣọ náà. Bọ́tìnnì márùn-ún, gbogbo wọn dọ́gba, àpò kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. N kò rí irú rẹ̀ nínú sinimá kankan. Màmá ti ń yí padà nígbà tí ìyàwó ilé gbé ọmọ jáde, tó kí wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó rí i pé màmá kò gbọ́, ó fi Haúsá kí wọn.

Kánò ni ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Màmá àti bàbá wa náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti ṣòwò ní Kánò fún ọdún mẹ́tàlá kí a tó wá sí Agége. Haúsá wá ń tú jáde lẹ́nu wọn bí omi. Màmá kò fi bọpo bọyọ̀: wọ́n béèrè ẹni tó kú nínú ilé náà. Ìyàwó ilé ní ọkọ ìyá àgbà ni, ó ti pé ọdún mẹ́jọ, àwọn àgbà obìnrin ìlú àwọn kì í sì í bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́.

Màmá wo ìyá àgbà náà pẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọdún mẹ́jọ. Èmi lo oṣù mẹ́rin, mo rò pé mo gbìyànjú."

Wọ́n ní ọmọ náà dára lọ́mọ. Ìyàwó ilé túmọ̀ rẹ̀, bí ìyá àgbà sì ti gbọ́ ọ, ó tu itọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà. Àbúrò mi dúró gbagidi. N kò rí ìyẹn nínú sinimá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màmá ló rẹ́rìn-ín.

"Ojú burúkú ni wọ́n ń lé kúrò lára ọmọ. Ṣebí ààfáà wa náà, tó bá gbàdúrà tán, á tu ú sí mi látẹ́lẹwọ́."

Màmá jókòó. Oúnjẹ dé láìjẹ́ pé a béèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì bù ú kún àwo mi. Sinimá kò parọ́ nípa ìyẹn. Bí a ṣe ń jáde, màmá sọ fún àbúrò mi pé kó fọ aṣọ rẹ̀ lọ́la, pé Mọ́ńdè kò jìnnà mọ́.

Láti ìgbà náà, òun ló ń mú ìròyìn wálé fún ìwé mi. Mo ya ìlà mẹ́ta sí ojú ewé kan. Àròpọ̀ tó kẹ́yìn tí mo kọ, nígbà tó lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, nìyí: sinimá mẹ́rin, àwo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ilé Gíríìkì ní Ìkẹjà, ẹyọ kan. Ọmọ ló fọwọ́ gbá a, bàbá rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ gbálẹ̀ láìkígbe. Ilé tiwa ní Agége, mẹ́ta, màmá ló fọ́ méjì.